Alùpùpù Tí Kò Gba Ìbínú

Ọmọ ìyá kan náà ni Ajíbóyè àti Ọ̀ṣúntúyì, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra rárá. Àgbẹ̀ kòkó ni Ajíbóyè tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Abarapá ni, bí ilẹ̀kùn bá há, èjìká ni yóò fi ṣí i. Aránṣọ ni Ọ̀ṣúntúyì, ẹni tí í jókòó ti okùn tó ta kókó títí yóò fi tú u láìlo ọ̀bẹ. Àwọn ará Òkè-Ìgbín tí wọ́n ń gbé a máa ní bí a bá po àwọn méjèèjì pọ̀, ìbá di ènìyàn kan tó pé.

Nígbà tí bàbá wọn kú, ó fi alùpùpù kan sílẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó awọnlẹ̀ kan tó ń padà sílé ló ti rà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ méjèèjì, irú rẹ̀ kò sì sí ní gbogbo agbègbè náà. Àwọ̀ ewé ni táǹkì rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà fa ìlà sí i létí. Ajíbóyè ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, Ọ̀ṣúntúyì kò gbà. Abẹ́ àpò kòkó ló ti wọ́ ọ jáde, ó ti dógùn-ún, eku sì ti bímọ sínú àga rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀ kiri láti Ìbàdàn dé Oǹdó. Èyí tí kò rí, ó bẹ alágbẹ̀dẹ kí ó rọ ọ́. Ní ọjọ́ tó dún padà, àwọn arúgbó tó mọ ohùn rẹ̀ jáde síta, omi sì lé ròrò sójú wọn.

Ṣùgbọ́n alùpùpù náà ní èèwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dún yóò kọ́kọ́ fa ọ̀pá kékeré kan lára irin tí a fi ń darí rẹ̀ sẹ́yìn, yóò fi ẹsẹ̀ wá ibi tí irin ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí a fi ń jí i ti le, kí ó tó rọra tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá kán an lójú, irin náà yóò ta padà, kò sì mọ ọmọ onílé. Ọ̀ṣúntúyì sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò lè máa bẹ irin.

Ní àárín òjò ọdún kan, paramọ́lẹ̀ bu Ìbíyẹmí, ọmọbìnrin Ajíbóyè, jẹ nínú oko. Kí Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀ tó gbé e délé, ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún. Òdìkejì odò ni ọsibítù wà, ọ̀gbàrá sì ti gbé afárá lọ, ó ku pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mọ́tò kò lè kọjá, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ rìn yóò pẹ́ jù. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀ṣúntúyì ní ìsọ̀ rẹ̀. Ajíbóyè kò lè dúró dè é.

Ó wọ́ alùpùpù náà sí àgbàlá, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì fi gbogbo agbára gbá irin náà mọ́lẹ̀. Kò dún. Ó tún gbá a, ó tún gbá a. Òórùn epo bẹ́ńtíróò gba gbogbo àgbàlá. Nínú yàrá, ọmọ tó ti ń ké dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì ba Ajíbóyè lẹ́rù ju igbe lọ. Ó fi ìbínú gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Irin náà ta padà. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ bí eegun ojúgun rẹ̀ ṣe dá kí wọ́n tó rí i nílẹ̀.

Ó ń gbìyànjú láti dìde kí ó fi ẹsẹ̀ kejì gbá a nígbà tí àbúrò rẹ̀ sáré dé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀.”

Epo ti bo ẹ́ńjìnnì náà mọ́lẹ̀. Ọ̀ṣúntúyì kúnlẹ̀, ó tú púlọ́ọ̀gì tí í tanná sí epo, tí ó ti rin gbindin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún. Ó nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún nù ún.

“Ọmọ mi ń kú lọ,” ni Ajíbóyè wí, “ìwọ ń nu irin.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń nù ún nìyẹn.”

Ajíbóyè di koríko mú, ó jókòó sílẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé, kò sí èyí tó le tó jíjókòó yẹn. Ọ̀ṣúntúyì dá púlọ́ọ̀gì padà, ó fa ọ̀pá kékeré náà, ó fi ẹsẹ̀ wá ibi tó le, ó sì tì í. Alùpùpù náà dún.

Àwẹ̀ró gun ẹ̀yìn, ó gbá ọmọ mọ́ra. Láti àgbàlá tó wà lórí òkè, Ajíbóyè ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe dé etí odò. Ó rí i tí àbúrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tí ó jẹ́ kí ìyá àti ọmọ kọ́kọ́ kọjá, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti alùpùpù lórí pákó náà díẹ̀díẹ̀, omi ń lá táyà. Ó fẹ́ kígbe pé kí ó gùn ún, kí ó yára. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó sì gé e jẹ. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà gun òkè kejì lọ, títí etí rẹ̀ kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Kò sùn mọ́jú. Nígbà tí oòrùn ọjọ́ kejì ti ga ni ìròyìn dé pé dókítà ti fún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ó ti lajú, ó sì ti béèrè oúnjẹ. Àwọn ará ilé bú sáyọ̀. Ajíbóyè nìkan ni kò pariwo. Orí ẹní tí wọ́n ti di eegun rẹ̀ ló wà tó fi sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́ fún àwọn tó wá kí i, ọ̀rọ̀ náà ni àwọn àgbà Òkè-Ìgbín sì ń pa lówe títí di òní: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.