Àlejò Tí Wọn Kò Dá Lóhùn

Ọkùnrin kan wà tí kò ní ilé. Ẹrù kékeré kan ló rù, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì lè ju ọjọ́ mẹ́fà lọ. Ó gba ọ̀nà tóóró kan, ó ń bọ̀ wá wọ̀ sí agboolé ńlá kan tí wọ́n júwe fún un.

Jókòó dáadáa, Gbádéró. Ìwé ilé ìwòsàn tí o ní kí n kọ, pé ilé ọmọ ìyàwó rẹ kì í gba oyún dúró, kí ìyá rẹ lè rí nǹkan nawọ́ sí bó bá wá kó ẹrù ìyàwó náà síta lọ́la, kálámù mi kò ní sá lọ. Gbọ́ èyí ná. Ó ti rẹ̀ mí, n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìlànà agboolé yẹn le. Ọjọ́ mélòó kan péré nínú oṣù ni wọ́n ń ṣí ẹnu ọ̀nà fún àlejò. Bí àlejò bá sì dé, kì í já wọlé bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń já wọ yàrá ìyàwó rẹ. Yóò dúró lójúde, yóò ké “Àgò o!” Ẹni tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ nìkan ló lè gbọ́ ọ. Òun ni yóò kan ògiri fún ẹnì kejì, ẹnì kejì yóò kan ògiri fún ẹnì kẹta, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní yàrá ẹ̀yìn pátápátá. Ìyá yìí ló ń tẹ́ ẹní, tó ń pọn omi, tó ń dáná. Bó bá ti ṣe tán, èsì yóò tún gba ara ògiri padà síta: “Àgò yà!” Ìgbà náà ni àlejò yóò tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ọkùnrin wa dé lọ́jọ́ tó yẹ kó dé. Ó ké àgò. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́, ó kan ògiri. Ẹnì kejì náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kejì àti ẹnì kẹta ti ń bára wọn yodì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

“Ẹni tó da aṣọ mi sínú ẹrẹ̀!” ni ẹnì kejì wí. “Èmi ni n óò wá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀? Kó wá kí mi ná.”

Ó padà sídìí ẹ̀gúsí tó ń bó.

Àlejò ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Oúnjẹ rẹ̀ tán. Ẹnu ọ̀nà tì. Ó ṣubú síbẹ̀, àgbàrá sì gbé e lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n pe ìpàdé. O mọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe ọ̀kan nílé yín ní Sátidé. Baálé tó sùn ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ bínú. Kí ló dé tí àlejò kì í dúró lọ́dọ̀ àwọn? Gbogbo wọn yíjú sí ìyá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Òun ló ni ẹní, òun ló lẹ̀bi. Wọ́n ní kó kó jáde. Ẹnì kejì ló pariwo jù.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Nǹkan kan péré ló bi wọ́n.

“Ta ló pè mí?”

Ẹnì kejì tún padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Gbádéró, inú ìyàwó rẹ ni agboolé yẹn. Ọlẹ̀ tí àtọ̀ rẹ àti ẹyin rẹ̀ jọ di ni àlejò; kò tóbi ju hóró iyanrìn kan lọ. Bó bá dé ilé ọmọ, ó ń ránṣẹ́ ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lára ilé ọmọ á gbọ́, ọ̀kan á sọ fún èkejì, èkejì á sọ fún ẹ̀kẹta, kí wọ́n tó lè là fún un kó wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ á já sójú ọ̀nà. Nígbà mìíràn àlejò fúnra rẹ̀ ló ti ń ṣàìsàn kó tó dé, tí ohùn rẹ̀ kò jáde. Ọ̀dọ̀ rẹ sì ni ìdajì ẹrù rẹ̀ ti wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ọlẹ̀ dé tí kò dúró yìí, èmi kò mọ ẹni tó dákẹ́. Dókítà tó ń fi awò wo nǹkan kéékèèké kò mọ̀. Ìyá rẹ tó wà ní Ìkìrun nìkan ló mọ̀, láìwọ mọ́tò.

Má gbé ohun tí n kò sọ lé mi lẹ́nu. N kò sọ pé yíyodì ló lé ọlẹ̀ lọ. Yíyodì ìwọ àti ìyàwó rẹ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ní ni pé nínú ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu jọ ń sọ, ẹnì kan ṣoṣo lẹ dá lẹ́bi, ẹni tó ti tẹ́ ẹní kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

O ní, “Màmá, mọ́mì mi ló ní kí n wá gbà á.” Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Mọ́mì ló ní. Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí, tí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n.

N kò ní kọ ìwé náà. Ìyàwó rẹ wà lórí bẹ́ǹṣì níta láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ tó ń bi ọ́ bóyá o ti jẹun, tí ìwọ ń wo fóònù. Jáde lọ bá a. Sọ fún un pé o kò tíì jẹun. Pe ìyá rẹ níṣojú rẹ̀, kí o ní kí wọ́n má wá. Kí o sì pa ilẹ̀kùn dé bí o bá ti ń jáde, kí n lè na ẹsẹ̀ mi.