Ọkùnrin Tí Ó Ń Retí Kí Wọ́n Pe Òun

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ ọ̀nà tí omi ìlú ń gbà lábẹ́ ilẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá. Àga tí ó ń jókòó lé ní ọ́fíìsì omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn tó ri páìpù mọ́lẹ̀ ya àwòrán ọ̀nà rẹ̀ sí, ikán ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Àgbà òṣìṣẹ́ kan ni ó mú un rìn kiri ìlú, tí ó fi ibi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n hàn án, níbi tí irin tí wọ́n fi ń ti omi wà, tí wọ́n sì tún fi ń ṣí i. Ọ̀kan wà lẹ́yìn mọ́sálásí, ọ̀kan wà lábẹ́ gọ́tà iwájú ilé alágbẹ̀dẹ. Òkúta bo òmíràn, koríko bo òmíràn. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí.

Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bí páìpù bá ti bẹ́, òun ni wọ́n ń wá. Wọn a wá a dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, á dìde láàárín ìwàásù, gbogbo ìjọ á sì yíjú wò ó. Kí n má purọ́ fún ọ, ojú tí wọ́n fi ń wò ó yẹn dùn mọ́ ọn ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́ta kí ó fẹ̀yìntì, ọ̀gá fún un ní ọkùnrin méjì pé kí ó fi gbogbo ibẹ̀ hàn wọ́n. Ó mú wọn rìn lóòótọ́. Ibi mọ́kànlá ni ó fi hàn wọ́n, àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù, ó gbé wọn lọ sílé nínú orí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bi í nídìí oúnjẹ pé, "Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, ṣé ẹ ti fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n?"

"Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n, kí ni wọn yóò tún máa wá mi sí?"

Ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ó gbàgbé pé ọmọdé lè gbé àpótí síbẹ̀ kó gùn ún.

Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n bá a ya fọ́tò, ó sì lọ sílé. Láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń wẹ̀ láàárọ̀, tí ó ń wọ kakí rẹ̀, tí ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí yóò ti máa rí títì. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá bá òun mójú tó oko kòkó. Ó ní ọ̀nà oko jìn, bí wọ́n bá wá òun wá ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ó wá máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó wò. Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, bímọ sí Ìlọrin, ó sì ránṣẹ́ pé kí bàbá òun wá sọ ọmọ lórúkọ.

"Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí," ni ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni páìpù máa ń bẹ́. Ìwọ máa lọ."

Obìnrin náà dá lọ. Nígbà tí ó padà dé, ó ní ọmọ náà jọ bàbá àgbà rẹ̀ gan-an. Títì ni ọkùnrin náà ń wò. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó sì sọkún.

Ní ọdún kẹta, páìpù bẹ́ lẹ́yìn mọ́sálásí, omi gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ọkùnrin náà gbọ́, inú rẹ̀ dùn, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó mọ ibi tí irin náà wà: ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí ògiri, lábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kan. Ó jókòó, ó ń retí àwọn òṣìṣẹ́ omi. Wọ́n gbẹ́ ibì kan, wọn ò rí i, wọ́n gbẹ́ ibòmíràn.

"Ẹ ò kúkú dìde kí ẹ lọ sọ fún wọn?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Àgbà kì í lọ síbi tí wọn ò pè é sí. Wọn á wá lọ́la."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi jókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, kò gbọ́ ìró ṣọ́bìrì mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó dìde, ó gba ọ́fíìsì lọ. Ọ̀gá tuntun dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Mo mọ ibi tí ẹ ń wá," ni ó wí. "Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ sí mi?"

"Bàbá, a mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn ní ká wá pè yín, èmi ni mo kọ̀. Mo ní ẹ ti sìn tó, ẹ ti ṣe tiyín, kò yẹ ká tún máa dà yín láàmú. Ẹ máa sinmi, sà."

Ọ̀gá náà ṣàlàyé fún un pé àwọn ti pa ẹ̀rọ tó ń fa omi láti odò. Omi kò lè máa ṣòfò báyìí lójoojúmọ́. Kànga ẹlẹ́rọ ni wọn yóò gbẹ́ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, páìpù ti parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n tẹ̀lé òun. Wọ́n tẹ̀lé e nítorí ọ̀wọ̀. Ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́fà, wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, irin náà sì wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i, ó sì yí. Kò sí omi kankan nínú páìpù tí yóò tì. Wọ́n kí i pé ó káre, wọ́n sì da iyẹ̀pẹ̀ bo irin náà padà.

Ọdún mẹ́jọ ni ó tún lò láyé. Kò wọ kakí mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń ṣe. Oko ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣọ́ọ̀ṣì ti rí olùkọ́. Ọmọ Mọrẹ́nikẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan, ó kúnlẹ̀ kí i bí ẹni ń kí àlejò. Nígbà tí ó kú, omi kànga ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Irin mẹ́rìnlá yòókù wà lábẹ́ ilẹ̀ títí di òní, kò sì sí ẹni tó mọ ibẹ̀.

Àbúrò mi, o ní kí n wá gbàdúrà fún ọ nítorí pé o máa fẹ̀yìntì lóṣù tó ń bọ̀. N óò gbà á. Ṣùgbọ́n o ti gbẹ̀bí ní ìlú yìí fún ọgbọ̀n ọdún. O mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ yí ọmọ tó bá fẹ́ fi ìdí wáyé, àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ kò sì mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ọkọ rẹ, pé wọn yóò máa wá ọ wá. Wọn kò ní wá. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn rẹ. Wọ́n á bọ̀wọ̀ fún ọ ni, wọ́n á ní kí màmá máa sinmi, obìnrin kan á sì kú sórí ìkúnlẹ̀ ní ilé kẹta sí tìrẹ, níbi tí o ti jókòó tí o ń retí kí wọ́n pè ọ́. Lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì náà láàárọ̀ ọ̀la, kí o fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n.