Ọkọ̀ Tí A Kì Í Tì

Bí àlejò bá dé Ìgbó-Ọ̀wà, yóò gbọ́ òwe kan níbẹ̀: "Ọkọ̀ tí a kì í tì kò lẹ́bí." Yóò rò ó títí, kò ní í yé e. Ọkọ̀ tí a kì í tì, ṣebí òun ni gbogbo ayé ń wá? Kí ni ọkọ̀ sì fẹ́ fi ẹbí ṣe? Àlejò ò jẹ̀bi. Kò mọ Sàlákọ́ ni.

Àgbẹ̀ ni Sàlákọ́. Oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló tóbi jù ní Ìgbó-Ọ̀wà. Agbádá rẹ̀ náà kò kéré. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: ọkọ̀ Múfútáù.

Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni, onípákó. Okùn ni wọ́n fi so ìlẹ̀kùn rẹ̀ kan. Kì í jí láàárọ̀ àfi bí wọ́n bá tì í, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹ-bá-mi-tì. Lọ́jọ́ tí ẹrù oko bá ń lọ sọ́jà, tọkùnrin tobìnrin á kó ọwọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n á tì í títí yóò fi wúkọ́. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá tì í ló lè gbé ẹrù sí i. Opó tó ní agbọ̀n kan péré, bó bá ti tì í, agbọ̀n rẹ̀ ti wọkọ̀ nìyẹn. Lèmọ́mù ń tì í. Adẹ́mu ń tì í. Àwọn tó ń bá ara wọn jà á tì í pa pọ̀, ìjà wọn á sì ti parí kí ọkọ̀ tó jí.

Sàlákọ́ kò lè gbà á. Èéfín ọkọ̀ náà ti ba agbádá rẹ̀ jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

"Ènìyàn bí èmi," ló wí fún Àṣàbí ìyàwó rẹ̀, "kí n máa ti ọkọ̀ bí ẹni ń ti ẹran tí kò fẹ́ lọ sọ́jà?"

"Ẹ̀gẹ́ wa sáà ń dé ọjà," ni Àṣàbí fèsì.

Sàlákọ́ lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó máa padà, ọkọ̀ akẹ́rù tuntun ló gùn dé. Ó ń dán bíi dígí. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀, á sọ òyìnbó. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ tó fi ń jí. Sàlákọ́ tẹ̀ ẹ́, ó pa á, ó tún tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo abúlé lè rí i.

"Ẹ̀gbọ́n Múfútáù, ẹ wò ó. Ẹrù tí tiyín ń lọ tó ń bọ̀ kó tó kó tán, ẹ̀ẹ̀kan ni tèmi máa kó o. Tiyín ń mu epo bí ọ̀mùtí. Tèmi ń tọ́ ọ wò lásán ni."

Múfútáù yí ọkọ̀ náà po. Ó bẹ abẹ́ rẹ̀ wò. "Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀," ó ní. "Ó dáa ju tèmi lọ. Ibo ni wọ́n ti ń tì í?"

"Wọn kì í tì í!"

"Háà," ni Múfútáù wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Adẹ́mu na ọwọ́ sí ọkọ̀ náà. Sàlákọ́ figbe ta: "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Àpá ọwọ́ á hàn lára rẹ̀."

Opó kan, Ìyá Wúrà, gbé agbọ̀n rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Sàlákọ́. "Bàbá Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sí i."

"Ṣé ẹ bá mi tì í ni?"

Ìyá Wúrà yíjú padà. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ sídìí Ẹ-bá-mi-tì.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ gààrí kan fi béèrè ẹ̀gẹ́. Sàlákọ́ ní kí àwọn alágbàṣe hú gbogbo oko rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò ní í pẹ́ tí inú rẹ̀ á fi dúdú, ilé iṣẹ́ á sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun wà. Wọ́n kó ẹ̀gẹ́ kún un, àwọn alágbàṣe sì bá tiwọn lọ. Sàlákọ́ wọ ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Iná pupa kan tàn. Ọkọ̀ sọ òyìnbó díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ó pe Ìbàdàn lórí fóònù. "Ọ̀túnla la máa dé," ni wọ́n wí.

Àwọn ará abúlé tó ń ti oko bọ̀ dúró lókèèrè, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi tì í!"

"A kì í fọwọ́ kàn án," ni adẹ́mu wí. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Àpá ọwọ́ á hàn."

"Mo ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án!"

Wọ́n tì í. Kò mira. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò bá tíì jí, kì í tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lèmọ́mù ká apá aṣọ sókè, ó ní "Bísímílà", ó tì í. Ọkọ̀ dúró bí òkúta.

Ìyá Wúrà gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Ọkọ̀ tí a kì í tì," ó ní, "kò lẹ́bí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Sàlákọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Oòrùn ti mú kó gbóná. Iṣẹ́ ọdún kan ló wà níbẹ̀. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó fi kọ́ dígí ọkọ̀ tuntun, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Múfútáù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí."

"Ṣé wàá tì í?"

"Màá tì í."

Ìdí sàlẹ́ńsà, ihò èéfín ọkọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dúró sí, ni Sàlákọ́ dúró sí. Wọ́n tì í. Ẹ-bá-mi-tì wúkọ́, ó tu èéfín. Nígbà tí èéfín máa lọ, ojú Sàlákọ́ ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bàbá Tóyìn," ni Àṣàbí wí, "ẹ kú ìnáwó ọkọ̀ tuntun o."

Lọ́tẹ̀ yìí, Sàlákọ́ náà rẹ́rìn-ín.

Gbogbo abúlé ló bá a kó ẹ̀gẹ́ láti inú ọkọ̀ tuntun sínú ti àtijọ́. Ẹ-bá-mi-tì lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ẹrù tó kẹ́yìn dé bí wọ́n ṣe fẹ́ ti ìlẹ̀kùn ilé iṣẹ́. Inú ẹ̀gẹ́ náà ṣì funfun.

Wọ́n tún ọkọ̀ tuntun ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, Sàlákọ́ á tẹ̀ ẹ́, á jí, á máa kùn. Á wá yọrí lójú fèrèsé, á kígbe: "Ẹ bá mi tì í o!" Wọ́n á kó ọwọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n á máa ti ọkọ̀ tó ti jí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ẹrù wọn sí i. Agbọ̀n Ìyá Wúrà ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Kò síbi tí àpá ọwọ́ kò sí lára ọkọ̀ náà.

Tíṣà kan tó jẹ́ àlejò rí wọn. "Bàbá," ó ní, "ṣebí ọkọ̀ yín ti jí?"

"Ó ti jí," ni Sàlákọ́ fèsì. "Ẹbí ni mò ń wá fún un. Ọkọ̀ tí a kì í tì kò lẹ́bí."