Ìjókòó Tí Màmá Àyọ̀ká Bú

"Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni kí ẹ bi bí ọ̀nà ṣe rí." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Bóyá ẹ̀yin náà ti fi bá ọmọ yín wí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ sọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀ wá, ẹ ó máa wo ara yín lójú ni. Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní Ìkìrun ló ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Gbọ́lágadé, iṣẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ló ń ṣe. Kò sí ìjókòó tó ya tí kò lè rán, kò sì sí irú fóòmù tí kò mọ̀. Bó bá parí iṣẹ́, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìjókòó náà. Bó bá ti rọ̀, ó parí nìyẹn. Kò jókòó sórí ọ̀kan rí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ fún un pé aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kan ìjókòó oníbàárà, ó sì di òfin yẹn mú bí ìgbà tó bá búra.

Lọ́jọ́ kan, Adéṣẹ̀yẹ gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé, ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, tí kì í mu epo, tí kì í sì í pariwo. Ìyá rẹ̀, Màmá Àyọ̀ká, ló ṣubú ní ilé ìdáná tí egungun ìdí rẹ̀ sán. Dókítà ní kó máa wá gba ìtọ́jú ní Òṣogbo lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Bí kò bá wá, ẹsẹ̀ yẹn á gan, kò sì ní rìn mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi tún ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ṣe," Adéṣẹ̀yẹ sọ. "Mo fẹ́ kó rọ màmá mi lọ́rùn."

Gbọ́lágadé bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ó rí i pé bátìrì ńlá ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà ga. Ó rí i o, àmọ́ kò rò ó síwájú. Ó kó fóòmù lé fóòmù, ó fi awọ aláwọ̀ obì bò ó, ó ṣe ibi tí wọ́n á máa gbọ́wọ́ lé sáàárín, ó tún so kọ́tìnì mọ́ fèrèsé. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀. Inú rẹ̀ dùn.

Màmá lọ sí Òṣogbo, ó bọ̀, ó ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀, ó sì ní, "Ó dára gan-an." Lọ́sẹ̀ kejì, ó lọ, ó bọ̀, ó tún ṣàdúrà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní òun kò lọ mọ́, pé ìdí òun ti sàn. Irọ́ ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń di ògiri mú.

Ni Adéṣẹ̀yẹ bá sáré padà sọ́dọ̀ Gbọ́lágadé. Ọ̀rọ̀ náà dun oníṣẹ́ ọwọ́ yìí, ó sì tún bí i nínú díẹ̀. Kí ló kù tí kò ṣe? Ó tẹ̀ lé e lọ sílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó bi Màmá bóyá ìjókòó ni kò dára. Màmá tún ní ó dára. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìwà àwọn ìyá wa. Ọmọ ṣe nǹkan fún wọn, ìyá wo ló máa ní kò tẹ́ òun lọ́rùn? Bí ẹ bá fi ọdún mẹ́ta bi í, "ó dára" náà ni.

Ìgbà yẹn ni Gbọ́lágadé yí ohùn padà. "Màmá, mi ò ní kí ẹ yìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bú u."

"Kí n bú kí ni?"

"Ìjókòó yẹn. Kì í ṣe ọmọ yín, kì í ṣe èmi. Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ẹ bú u dáadáa."

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ ń tijú, àmọ́ nígbà tí ẹnu là, ó là.

"Ìjókòó aláìnítìjú. O gbé mi sókè títí gèlè mi fi kan òrùlé. O ò ro ti ilẹ̀ ọkọ̀ tó ga yìí, o ká orúnkún mi sí mi láyà, itan mi ò kan ibì kankan, gbogbo ara mi wá jókòó lé ìdí tó ń dùn mí. O rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí ọkọ̀ bá yà báyìí, mo ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́." Ó wá kọjú sí Adéṣẹ̀yẹ. "Ìwọ tó o wà níwájú á máa ní ọ̀nà Òṣogbo dán. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni kí ẹ bi bí ọ̀nà ṣe rí."

Ojú ti Gbọ́lágadé. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní kí Adéṣẹ̀yẹ wà á lọ sí Òṣogbo. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìdí tirẹ̀ náà ti ń ké. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó yọ gbogbo fóòmù tó kó síbẹ̀, ó fi èyí tó le díẹ̀ rọ́pò, ó gbé etí ìjókòó sókè kí itan lè rí nǹkan sinmi lé, ó sì sún ìjókòó iwájú síwájú kí ẹsẹ̀ lè nà. Ó wá ní kí Màmá tún un bú.

Màmá jókòó. Ó wá èébú títí, kò rí. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Òṣogbo."

Kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ mọ́. Nígbà tí ìtọ́jú náà pé oṣù márùn-ún, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù Gbọ́lágadé, ọ̀pá kan ṣoṣo ló mú lọ́wọ́. Gbọ́lágadé sunkún lójú àwọn oníbàárà, kò sì bo ojú.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ Màmá Àyọ̀ká ṣe di òwe. Bí ẹnì kan bá ń fi òye ara rẹ̀ ṣètò ìrọ̀rùn fún ẹlòmíràn, tí kò bi onítọ̀hún, ni àwọn àgbà máa ń pa á. Wọ́n máa ń pa á fún ọmọ tó kọ́ ilé alátẹ̀gùn fún bàbá arúgbó, wọ́n sì máa ń pa á fún olórí tó ń sọ pé ara tu ará ìlú. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni kí ẹ bi bí ọ̀nà ṣe rí. Bó bá sì ní ó dára, ẹ ní kó bú u.