Àgbò Méjọ̀ Olúgbódi

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ogun ń kó ẹrù padà sílé láti ojú ogun, Méjọ̀ Olúgbódi pàṣẹ fún Kọ́púrà Láníyonu tó ń wakọ̀: "Já àpótí àwọn ọmọ ogun sílẹ̀, kó àgbò mi mẹ́fà sọ́kọ̀. Bí orúkọ mi bá jáde lẹ́nu rẹ, inú àtìmọ́lé lo máa sùn." Láníyonu ní, "Ó ti yé mi, sà." Ó kó àgbò sọ́kọ̀, ó wá ki èèpo iṣu tó fi ń bọ́ wọn láràárọ̀ sínú fìlà rẹ̀. Kò pẹ́ ni Ọ̀gágun àgbà dé láti yẹ ẹrù wò. "Ta ló ni àgbò inú ọkọ̀ ìjọba?" Méjọ̀ ń wòkè bí ẹni ń ka ẹyẹ. Láníyonu ní, "Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni, sà. Ẹ bi àwọn àgbò." Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí wọn: "Ṣé Méjọ̀ yìí ló ni yín?" Láníyonu bá ṣí fìlà kí ọ̀gá, bí ẹni tó gbàgbé pé sójà lòun. Bí àgbò ṣe rí èèpo iṣu, gbogbo wọn ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Bẹ́ẹ̀-ẹ̀-ẹ̀!" Ojú ẹsẹ̀ ni àgbò bọ́ sílẹ̀, tí àpótí padà sókè. Méjọ̀ fa Láníyonu sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ṣebí mo ní kí orúkọ mi má jáde lẹ́nu rẹ!" "Kò kúkú jáde lẹ́nu mi, sà. Àwọn àgbò lẹ ò kìlọ̀ fún."