Bí Omi Méjì Ṣe Dé Orí Asà Ìpàdé-Odò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Áà, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ohùn yín ò dé etí mi. Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n! Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀. Kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé. Orí asà ló lọ bà sí, asà ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìpàdé-Odò.

Ní ayé àtijọ́, odò méjì ń ṣàn wá sí ìlú yìí. Ọ̀kan ti ọ̀nà òkè wá, omi rẹ̀ pọ́n. Ìkejì ti inú ọ̀dàn wá, omi rẹ̀ dúdú. Ní ẹsẹ̀ ìlú ni wọ́n ti pàdé, tí wọ́n di ọ̀kan, tí wọ́n kọrí sí òkun. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti ń pọnmi. Ẹ má wá rò pé torí wọ́n jọ ń mu omi kan náà, ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀kan o. Rárá o!

Ilé mẹ́ta ló wà ní Ìpàdé-Odò. Idì ló wà lára asà àwọn ará Òkè. Ẹṣin ló wà lára asà àwọn ará Ọ̀dàn. Òdòdó àkọ́rọ̀ òjò ló wà lára asà àwọn ará Oko. Obìnrin kan ló ń bá gbogbo wọn kùn ún. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ará Òkè ni. Awọ ẹfọ̀n dúdú ni asà, ẹfun ni Àwẹ̀ró fi ń ya àmì sí i. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan wà. Ẹni tó bá pa àmì ilé kan rẹ́ lára asà, wọn á gé ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọkùnrin méjì ni Àwẹ̀ró bí. Lọ́dún kan, ogun dé. Eruku sọ, ojú ò ríran mọ́. Ẹni tó bá rí asà tí kì í ṣe ti ilé tirẹ̀ nínú eruku, ó rò pé ọ̀tá ni, á sì gún un lọ́kọ̀. Báyìí ni Ògúnṣakin, àkọ́bí Àwẹ̀ró, ṣe kú. Ará ìlú rẹ̀ ló pa á! Wọn ò mọ ẹni tó gún un. Ó wá ku Akínlàbí nìkan.

Ọdún yípo, wọ́n ní ogun tún ń bọ̀. Akínlàbí gbé asà rẹ̀ tọ ìyá rẹ̀ wá. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi tún idì mi kùn." Àwẹ̀ró wo idì náà. Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀tá ni mò ń bẹ̀rù. Àwọn ará ilé wa ni."

Ó lọ bá olórí Òkè. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ní àmì kan ṣoṣo." Olórí Òkè ní, "Ó dáa. Kó jẹ́ idì."

Ó lọ bá olórí Ọ̀dàn. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ní àmì kan ṣoṣo." Olórí Ọ̀dàn ní, "Ó dáa. Kó jẹ́ ẹṣin."

Ó lọ bá olórí Oko. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ní àmì kan ṣoṣo." Olórí Oko ní, "Ó dáa. Kó jẹ́ òdòdó."

Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo wọn gbà, kò sì sẹ́ni tó gbà.

Nígbà tí ogun ku ọ̀la, wọ́n kó gbogbo asà wá sílé Àwẹ̀ró, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àwẹ̀ró kó wọn lọ síbi tí omi ti pàdé. Ó fọ idì, idì lọ. Ó fọ ẹṣin, ẹṣin lọ. Ó fọ òdòdó, òdòdó lọ. Ó wá mú ẹfun. Ó fa ìlà kan láti ọ̀tún, ó fa ìkejì láti òsì. Ìlà méjèèjì pàdé láàárín, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Odò méjì tó wà níwájú rẹ̀ ló yà.

Kó tó kun asà tó gbẹ̀yìn tán, ariwo ti ta. "Yéè! Àwẹ̀ró ti pa wá rẹ́!" Wọ́n dì í mú, wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ lé òkúta, wọ́n yọ àdá. Akínlàbí ń jà kó lè dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, wọn ò jẹ́. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ gé e, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọrin kan ná."

Ẹ bá mi gbè é o. Ẹ̀yin ẹ̀yìn yẹn, ẹ má sùn!

*Omi òkè, sọ̀ kalẹ̀ o,*
Omi dé, a dé.
*Omi ọ̀dàn, máa bọ̀ o,*
Omi dé, a dé.
*Ẹ ò jọ ti orísun kan wá,*
Omi dé, a dé.
*Ẹ jọ ń lọ sókun o,*
Omi dé, a dé.

Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Ni idì ńlá kan bá yọ lójú ọ̀run. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó bà lé téńté orí asà kan tó wà ní òró. Wọn ò tíì mí, ẹṣin funfun méjì jáde láti inú omi, kò sí ẹni tó gùn wọ́n, kò sí ìjánu lẹ́nu wọn. Ọ̀kan dúró lọ́tùn-ún asà, ọ̀kan dúró lósì. Wọ́n na ẹsẹ̀ iwájú sókè, wọ́n fi di asà náà mú. Ni iyanrìn abẹ́ asà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó, nínú ọ̀gbẹlẹ̀! Orí gbogbo wọn wú. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n bá ara wọn. Olórí Oko ń fọwọ́ kan òdòdó, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Olórí Òkè ní, "Háà! Idì wa bà lé omi gbogbo wa." Ẹni tó mú àdá jù ú sómi.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé asà olódò méjì lọ sógun. Wọ́n lé ọ̀tá lọ ráúráú.

Akínlàbí padà wálé. Jagunjagun àgbà kan tẹ̀ lé e, Ajítẹ̀rù, ará Ọ̀dàn. Ajítẹ̀rù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ìyá, nínú eruku, mo gbé ọ̀kọ̀ sókè sí ọmọ yín yìí. Mo rí omi méjì lára asà rẹ̀. Mo sọ ọ̀kọ̀ kalẹ̀."

Àwẹ̀ró ní, "O ṣé o, ọmọ mi. Dìde."

Kò dìde. Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ọ̀kọ̀ sókè sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Idì ló wà lára asà tirẹ̀. Mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Àwẹ̀ró figbe ta. Ó sunkún, ó sunkún, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ajítẹ̀rù ò gbéra ńlẹ̀. Nígbà tó ṣe, Àwẹ̀ró nu ojú rẹ̀, ó fa ìkòkò ẹfun mọ́ra.

Ó ní, "Gbé asà rẹ wá. Eruku ti jẹ ẹfun ara rẹ̀."

Ó sì tún un kùn fún un.

Láti ọjọ́ náà ni idì, ẹṣin méjì, òdòdó àti omi méjì ti jọ wà lójú kan ní Ìpàdé-Odò, tí ó di àmì ìlú. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àmì ìlú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ohun tó ń sọ fún ẹni tó gbé ọ̀kọ̀ sókè ni pé, "Ọmọ ìyá rẹ rèé."

Ibi tí ààlọ́ tèmi sọ̀ kalẹ̀ sí nìyí.