Òṣé Ọmọńlé Lórí Àjà

Nígbà láéláé, ọmọńlé kì í gbé inú ilé. Abẹ́ igi ìdáná tí wọ́n tò sẹ́yìnkùlé ló ń gbé. Orí ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, kò sì ní igbe kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ọdọọdún ló ń yé ẹyin, ọdọọdún ni àgbàrá ń gbé ẹyin náà lọ.

Ìyá Aríyìíkẹ́ ló ni ilé náà. Opó ni. Gìtá ọkọ rẹ̀ wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé yìí ti sú òun. Ẹ̀dá yòówù tó bá ta gìtá náà tí ilé fi dún bó ṣe ń dún nígbà tí baálé òun wà láyé, òun á fún un ní àjà òun, kó máa gbé ibẹ̀ tọmọtọmọ.

Àjà tí òjò ò dé! Ọmọńlé ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ Ìrẹ̀, onígìtá àdúgbò, ló gbà lọ.

Ẹ wá wo bí àwọn ọ̀gá kan ṣe ń ṣe. Ìrẹ̀ ò gbé gìtá fún un. Ó ní kó kọ́kọ́ gbẹ́ ihò fún òun. Ó gbẹ́ ẹ. Ó ní kó gbá ẹnu ihò. Ó gbá a. Ó ní kó lọ já ewé tútù wá. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń jíṣẹ́ kiri, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó wá kọ́, kò tíì fojú kàn án.

Nígbà tí gìtá wá dé ọwọ́ rẹ̀, ọ̀ràn dé. Okùn yẹn mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Ó tẹ okùn kan, kò dún. Ó tẹ òmíràn, ìyẹn ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìka ń dùn mí."

"Tẹ̀ ẹ́ sí i," ni Ìrẹ̀ wí. "Ṣé ó ń dun èmi ni?"

Báwo ló ṣe fẹ́ dùn ún? Ẹsẹ̀ tó le bí igi gbígbẹ, tí kò lẹ́ran kankan, ló fi ń ta tirẹ̀.

Ọmọńlé tẹ̀ ẹ́ sí i. Ìka rẹ̀ wú, ó bó, ó sàn, ó tún wú, títí orí ìka kọ̀ọ̀kan fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú ṣíbí. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti ṣì í tẹ̀, á pòṣé: ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́. Igbe tó kọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀ láyé nìyẹn.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú, ẹyin ti wà níkùn rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aríyìíkẹ́. Ìrẹ̀ ní òun ò tíì yọ̀ǹda rẹ̀, ihò òun sì ń fẹ́ àtúnṣe. Ọmọńlé ò wẹ̀yìn. Ìrẹ̀ bá fò tẹ̀lé e kó lè rí i fi ṣẹ̀sín.

Ìyá gbé gìtá kúrò lára ògiri, ó gbé e sórí ẹní. Ọmọńlé tẹ okùn. Ìka rẹ̀ tó ti tẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ó fà á, gìtá dún gbràn. Ó tẹ òmíràn, ó tún lẹ̀.

Ìrẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ariwo? Akọ́ṣẹ́ mi nìyẹn o."

Ọmọńlé já ọwọ́ gbà. Ó pòṣé. Inú bí i débi pé kò wo ibi tó ń lọ, ó kọjú sí ògiri, ó sì ń gùn ún, ìka ń lẹ̀ mọ́ ọn. Kó tó mọ̀, ó ti dorí kodò lára àjà, ó ṣì ń pòṣé: ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́.

Ìyá Aríyìíkẹ́ fi etí ìró nu ojú.

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn," ló wí. "Baálé mi ò mọ gìtá ta rí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bí ọwọ́ wọn bá ti ṣìnà, òṣé tí wọ́n ń pa gan-an nìyẹn. Jókòó síbẹ̀, ìyá ọmọ."

Ìrẹ̀ ní, "Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ta ńkọ́?"

Ìyá na ìgbálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. "Lọ ta á níta."

Láti ọjọ́ náà ni orí ìka ọmọńlé ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń rìn lára àjà láì jábọ́, tó sì ń yé ẹyin sínú ihò ògiri tí àgbàrá ò dé. Ìta ni Ìrẹ̀ ń ta gìtá tirẹ̀ títí dòní, nínú ihò tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Bó bá ṣèèṣì wọlé, akọ́ṣẹ́ rẹ̀ á gbé e mì.

Tí ẹ bá wá gbọ́ ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́ lókè nírọ̀lẹ́, ẹ má sọ bàtà lù ú. Ọwọ́ rẹ̀ ló tún ṣìnà.